Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe àsè àwọ́ọ̀dù àwọn akọ̀ròyìn lọ́dọọdún, ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà rèé

Ó tó ìgbà mẹ́rin lọ́dún yìí nìkan tẹ́nì kan ti pè mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní kí n ṣe akọ̀wé kọmítì àwọ́ọ̀dù ní ṣápẹ́ẹ̀lì wa, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?" (Ṣápẹ́ẹ̀lì ni ẹ̀ka NUJ, ẹgbẹ́ àwọn akọ̀ròyìn Nàìjíríà, nínú ilé iṣẹ́ ìròyìn kan.) Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe akọ̀wé yẹn níbi tiwa, mo ti jẹ gbèsè nínú ẹ̀, mo ti bá alásè jà nínú ẹ̀, mo sì ti rí alẹ́ kan tó dùn débi pé àwọn èèyàn ò fẹ́ dìde lórí àga mọ́, torí náà dípò kí n máa fi vọ́ìsì oníṣẹ́jú mẹ́wàá ránṣẹ́ sẹ́nì kọ̀ọ̀kan, màá kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ètò kékeré ni mò ń sọ o, ti ṣápẹ́ẹ̀lì NUJ tàbí ti ìpínlẹ̀, bí àádọ́jọ èèyàn, pẹ̀lú olóòtú àgbà kan tẹ́ ẹ pè wá ṣe àlejò pàtàkì. Tó bá jẹ́ pé ti ẹgbẹ̀rún èèyàn lẹ fẹ́ ṣe ní họ̀tẹ́ẹ̀lì ńlá l'Ékòó, ẹ wá ẹlòmíì bi.

1. Ta lẹ fẹ́ fún láwọ́ọ̀dù?

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ibí yìí gan-an lọ̀pọ̀ ètò ti ń bàjẹ́. Ẹ máa gbọ́ pé Press Week (ọ̀sẹ̀ ayẹyẹ akọ̀ròyìn) àwọn báyìí ń bọ̀, tẹ́ ẹ bá wá débẹ̀, kọmíṣánnà ni wọ́n ń pè síwájú, alága káńsù, oníléepo, pásítọ̀ olówó, wọ́n á máa gbé pláàkì fún wọn níkọ̀ọ̀kan, àwọn akọ̀ròyìn tó sáré kiri láti oṣù Kìíní dé ìkẹyìn á wà lẹ́yìn pátápátá níbi tí fáànù ò dé, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó yẹ kí wọ́n máa bi ní ìbéèrè. A mọ ìdí ẹ̀, owó la ń wá. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó jókòó síbẹ̀ ló mọ̀ pé ẹni tó sanwó ló gbé pláàkì lọ, àtẹni tó gbà á pàápàá mọ̀, ìgbà tó bá sì wá kàn yín láti fún akọ̀ròyìn gidi ní tiẹ̀, kò sẹ́ni tó máa kà á sí.

Ẹ wo àwọn tó ti ń ṣe é bọ̀. Àwọ́ọ̀dù oníròyìn tí wọ́n ń pè ní DAME ti wà láti 1992, àwọ́ọ̀dù ìròyìn ìwádìí tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè bẹ̀rẹ̀ ní 2005. Ìdí tí akọ̀ròyìn fi ń kọ ọ́ sórí CV ẹ̀ ni pé èèyàn fi iṣẹ́ sílẹ̀, àwọn kan jókòó ka iṣẹ́ náà, wọ́n wá mú ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ ṣe tiyín bó ti wù kó kéré tó. Tó bá pọn dandan kẹ́ ẹ bu ọlá fún àwọn ará ìta, ẹ fi ọjọ́ mìíì sí i láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹ pè é ní àsè ìdúpẹ́, ẹ má jẹ́ kó wọnú alẹ́ yìí rárá. Ẹ kọ ọ́ sínú mínítì ìpàdé àkọ́kọ́ kẹ́nikẹ́ni tó yí i padà lóṣù kejì.

2. Déètì

Akọ̀ròyìn ò ní alẹ́ tiẹ̀. Ìwé ìròyìn Sátidé ń lọ síbi ìtẹ̀wé lálẹ́ Fráìdè, ti Sọ́ńdè ń lọ lálẹ́ Sátidé, rédíò kì í sùn, kò sọ́jọ́ tó máa rọ gbogbo èèyàn lọ́rùn. Èyí tó ti bá wa mu ni ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ká bẹ̀rẹ̀ láago mẹ́rin, ká parí láago mẹ́jọ, kẹ́ni tó fẹ́ padà lọ ṣe pẹ́ẹ̀jì lè padà. Ẹ sá fún Sátidé, àwọn olóde ìgbéyàwó ti gba gbogbo họ́ọ̀lù, alásè, àti àwọn tó ń yáni ní àga àti tábìlì, gbogbo nǹkan á sì ti gbówó lórí.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ọjọ́ tó nítumọ̀, 3 oṣù Karùn-ún wà ńbẹ̀, Ọjọ́ Òmìnira Àwọn Oníròyìn Lágbàáyé tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ní 1993, ìpàdé táwọn akọ̀ròyìn Áfíríkà ṣe ní Windhoek ní Nàmíbíà ní 1991 ló bí i. 15 oṣù Kẹta náà dáa, torí ọjọ́ yẹn ni wọ́n dá NUJ sílẹ̀ ní 1955. Àmọ́ ẹ wo kàlẹ́ńdà kẹ́ ẹ tó tẹ ìwé ìpè o. Lọ́dún 2026, 15 oṣù Kẹta bọ́ sínú Ràmàdáánì, ó tún bọ́ sínú Lẹ́ńtì. Ṣé ẹ fẹ́ gbé ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù kalẹ̀ láago márùn-ún nígbà tí ìdajì tábìlì ń wo aago pé ìgbà wo ni ìṣínu máa tó?

Oṣù mẹ́rin ni kẹ́ ẹ fún ara yín. Mo mọ̀ pé oṣù kan àbọ̀ lẹ máa fi ṣe é, ṣùgbọ́n mo ti sọ tèmi.

3. Ẹ̀ka ìdíje àti bí iṣẹ́ ṣe máa wọlé

Ẹ̀ka mẹ́fà ti tó. Lọ́dún kejì tí mo ṣe é, a lé ẹ̀ka dé mọ́kàndínlógún torí a ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni bínú, ó wá jẹ́ pé nínú ẹ̀ka márùn-ún, ẹnì kan ṣoṣo ló fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì gbà á, kí lẹ fẹ́ pe ìyẹn? Ìròyìn ìwádìí, ìròyìn agbègbè, fọ́tò, rédíò àti tẹlifíṣàn, eré ìdárayá, ìròyìn lédè Yorùbá, ó tán.

Ẹ̀ka èdè Yorùbá yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ṣe ìkẹyìn bí ẹni ṣe ẹ̀bùn ọmọdé. Ìwé ìròyìn tó kọ́kọ́ jáde nílẹ̀ wa, èdè Yorùbá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, l'Abẹ́òkúta, lọ́dún 1859, Henry Townsend ló ṣe é, orúkọ ìwé náà ló sì wà lára ilé àwọn oníròyìn ní Òkè-Ìléwó níbẹ̀ títí dòní, Ìwé Ìròyìn. Ẹni tó ń ka ìròyìn láago méje àárọ̀ lórí rédíò tí ìyá alátà nínú ọjà ń gbọ́, tó ń wá ọ̀rọ̀ tó máa fi pe bàjẹ́ẹ̀tì àti yíyọ owó ìrànwọ́ epo débi tí ìyá yẹn á fi yé e, iṣẹ́ kékeré kọ́ nìyẹn. Ẹ fún un ní pláàkì tó rí bákan náà pẹ̀lú tàwọn tó kù, kí owó tó wà nínú ẹ̀ náà dọ́gba.

Ohun tẹ́ ẹ máa bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ díje: iṣẹ́ kan fún ẹ̀ka kan, kó jẹ́ èyí tó jáde láàárín 1 oṣù Kìíní sí 31 oṣù Kejìlá ọdún tó kọjá, kí déètì hàn lórí ẹ̀, kí lẹ́tà olóòtú ẹ̀ wà pẹ̀lú ẹ̀ pé òun ló ṣe é lóòótọ́. Ti rédíò, kó wà lórí fláàṣì, kí wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ sórí ìwé. Ọjọ́ tẹ́ ẹ dá, kó jẹ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ dá. Àwa táà ń pa dẹ́dìláìnì mọ́ fún iṣẹ́, tó bá kan tiwa, a ó máa bẹ̀bẹ̀ pé "Ẹ bá mi fi ọ̀la sí i."

Ẹ wá yọ orúkọ kúrò lára gbogbo iṣẹ́ kó tó dọ́wọ́ adájọ́. Bí mo ṣe ń ṣe é ni pé mo máa gé bébà pélébé lé orúkọ akọ̀ròyìn àti orúkọ ilé iṣẹ́ ẹ̀, màá ṣe fọ́tòkọ́pì, màá wá fi nọ́ńbà sí i: A1, A2, B1. Ìwé kan ṣoṣo ló ní orúkọ àti nọ́ńbà pa pọ̀, ó sì wà nínú dúrọ́ọ̀ tó ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ ká orúkọ tó wà nísàlẹ̀ fọ́tò mọ́ ọn o, ibẹ̀ ni wọ́n ti mú wa lọ́dún àkọ́kọ́. Ìròyìn náà ò lórúkọ lókè mọ́, ṣùgbọ́n fọ́tò àárín ẹ̀ sọ fún gbogbo èèyàn pé ẹni báyìí ló yà á fún ilé iṣẹ́ báyìí.

4. Àwọn adájọ́

Mẹ́ta. Kó má jẹ́ mẹ́rin, torí ìbò á dọ́gba, ẹ máa wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọ̀kan kó jẹ́ olóòtú tó ti fẹ̀yìn tì, ọ̀kan kó jẹ́ olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìròyìn ní yunifásítì tàbí pólì, ọ̀kan kó jẹ́ ẹni tí kì í ṣe akọ̀ròyìn rárá ṣùgbọ́n tó ń ka ìwé ìròyìn dáadáa, a ti lo lọ́yà rí, a ti lo dókítà rí, dókítà yẹn ló gbà wá lọ́wọ́ ìròyìn ìlera kan tí gbogbo wa ti fẹ́ fún ní ipò kìíní, ó ní oògùn tí wọ́n dárúkọ nínú ẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ fún àìsàn yẹn láéláé.

Ẹ fún wọn ní ìwé máàkì. Tiwa rí báyìí: àwọn tó bá sọ̀rọ̀ àti ẹ̀rí tó kó jọ, 30, àǹfààní tó ṣe fáráàlú, 25, bó ṣe kọ ọ́ tàbí bó ṣe sọ ọ́, 25, bó ṣe gbọ́ tẹnu gbogbo ẹni tọ́rọ̀ kàn, 20. Kálukú máàkì nílé ẹ̀, kí wọ́n tó wá jókòó pọ̀. Tí wọ́n bá jókòó pọ̀ kí wọ́n tó fi máàkì sílẹ̀, ẹni tó dàgbà jù lẹ máa rí pé ó yàn gbogbo ẹ̀, torí ta ló máa ko bàbá lójú?

Tí iṣẹ́ tó dáa ò bá sí nínú ẹ̀ka kan, ẹ má fún ẹnikẹ́ni. Ó máa dùn wọ́n, ó sì máa hàn lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn tó máa fi iṣẹ́ sílẹ̀ á ti múra.

Èsì ń lọ sínú ẹnfilóòpù funfun. Mo sọ pé funfun, ẹ̀yin náà mọ ìdí ẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ oníròyìn ti jọ fọwọ́ sí ìlànà iṣẹ́ wa ní Ìlọrin láti 1998 pé akọ̀ròyìn ò gbọ́dọ̀ gba ẹ̀gúnjẹ láti gbé ìròyìn jáde tàbí láti bò ó mọ́lẹ̀, kò wá ní dáa kẹ́ ẹ fi ẹnfilóòpù aláwọ̀ ilẹ̀, irú èyí tí wọ́n máa ń fi ẹ̀gúnjẹ sí, pe orúkọ ẹni tó gba àmì ẹ̀yẹ. Ẹnì kan ṣe é níbì kan tí mo lọ, gbogbo họ́ọ̀lù ló bú sẹ́rìn-ín, olóyè tó mú un dání ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

5. Olóòtú tẹ́ ẹ fẹ́ pè

Ibí ni kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀. Ọ̀pọ̀ kọmítì máa ń wá orúkọ ńlá, wọ́n á gbé e jókòó sórí háì tébù láàárín òdòdó oníke, wọ́n á ní kó sọ̀rọ̀ lórí "ipa àwọn oníròyìn nínú ìdàgbàsókè orílẹ̀-èdè", bàbá á ka ìwé tó ti kà níbi mẹ́ta, wọ́n á pàtẹ́wọ́, ó lọ. Owó mọ́tò àti họ̀tẹ́ẹ̀lì ti lọ. Kí làwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ gbà?

Ohun tí mò ń sọ fún kálukú ni pé ẹ wá olóòtú tó ṣì ń ka kọ́pì, ìyẹn ìròyìn táwọn akọ̀ròyìn kọ wá, kó tó jáde. Kì í ṣe dandan kó jẹ́ ọ̀gá àgbà pátápátá. Tẹ́ ẹ ò bá mọ ẹnì kankan, ẹ kọ̀wé sí ẹgbẹ́ àwọn olóòtú, Nigerian Guild of Editors, láti 1961 ni wọ́n ti wà, wọ́n á ní ẹni tí wọ́n máa júwe. Lẹ́tà kọ́kọ́ lọ, oṣù mẹ́ta ṣáájú, kí fóònù tó tẹ̀ lé e. Nínú lẹ́tà yẹn, ẹ sọ gbogbo ẹ̀ láìfi bò: ọjọ́, aago, ìṣẹ́jú mélòó ló máa fi sọ̀rọ̀ (ogún tó), èèyàn mélòó ló máa wà ńbẹ̀, ta ló ń sanwó ìrìnnà, àti iye tẹ́ ẹ lè fún un. Tó bá jẹ́ pé ẹ ò lè fún un ní kọ́bọ̀, ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà kan máa wá lọ́fẹ̀ẹ́ tẹ́ ẹ bá sọ òtítọ́, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ní "a máa ṣe dáadáa fún yín sà", tẹ́ ẹ wá sá lọ lẹ́yìn ètò, ọ̀rọ̀ yẹn á dé gbogbo níúsúrúùmù láti Ìbàdàn dé Èkó.

Lẹ́yìn tó bá ti gbà, tí àwọn adájọ́ sì ti parí, ẹ fi iṣẹ́ mẹ́fà tó gba ipò kìíní ránṣẹ́ sí i ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, láìlórúkọ. Ẹ bẹ̀ ẹ́ pé lórí ìwọ̀nyí ni kó sọ̀rọ̀, ohun tó dáa nínú wọn, ohun tí òun ì bá gé, ìbéèrè tí akọ̀ròyìn ò bi. Nǹkan tó yí ètò wa padà nìyẹn. Ọdún tá a kọ́kọ́ ṣe é, màmá kan tó ti ṣe olóòtú fún ọ̀pọ̀ ọdún la pè. A ní kó jókòó sórí háì tébù, ó kọ̀, ó ní òun fẹ́ jókòó síbi táwọn ọmọ wà. Ó gbé àga ẹ̀ lọ sí tábìlì keje, ó jókòó ti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó kọ ìròyìn lórí iná tó jó ọjà, ọmọ náà ò tíì mọ̀ pé òun ló gbà á. Mo wà lẹ́yìn wọn, mò ń tún wáyà máìkì ṣe, mo gbọ́ gbogbo ẹ̀.

"Èèyàn mélòó lo bá sọ̀rọ̀ lọ́jà yẹn, ọmọ mi?"

"Mọ́kànlá ni, mà."

"Mẹ́ta ni mo rí nínú ìròyìn ẹ."

"Wọ́n gé e ni, mà. Àyè ò sí."

"Àwọn mẹ́jọ tó kù ńkọ́, ibo ni wọ́n wà?"

"Wọ́n wà nínú ìwé mi, mà."

"Mú un wá kí n rí i."

Ọmọ yẹn fa ìwé ẹsasáìsì kan yọ nínú báàgì, èèpo iwájú ẹ̀ ti já, màmá wọ gíláàsì, ó ń ṣí i lójú ìwé kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìka tọ ìlà, wọ́n gbé ìrẹsì síwájú ẹ̀, ìrẹsì tutù. Nígbà tó wá dìde láti sọ̀rọ̀, orí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́jọ yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀, obìnrin kan tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀, tó sọ pé òun ti pariwo pé wáyà ń tan iná fún ọjọ́ mẹ́ta kí ọjà tó jó. Ó ní ìlà yẹn ló yẹ kó ṣáájú ìròyìn. Mi ò rí kí họ́ọ̀lù akọ̀ròyìn dákẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Màmá kan náà ló gba bíró pupa lọ́wọ́ mi kó tó lọ. Mo rò pé ó fẹ́ fọwọ́ sí nǹkan ni. Ó gbé ìwé ètò tá a tẹ̀, èyí tó dán gbinrin yẹn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí òbìrí sí i lára. Àṣìṣe mẹ́rìnlá. Ọ̀kan wà nínú ìtàn ìgbésí ayé tiẹ̀ gan-an, a kọ ọ́ pé ó di olóòtú lọ́dún tó ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́. Ó dá a padà fún mi, ó ní, "Olùdáràn mẹ́rìnlá, ẹ lọ mú wọn." Ìwé yẹn ṣì wà lára ògiri mi. Torí náà, ẹ̀kọ́ kékeré kan nípa ìtàn ìgbésí ayé àlejò: ojú ìwé kan ò gbọ́dọ̀ kún, ẹ má kó o látorí íntánẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ sì fi ránṣẹ́ sí òun fúnra ẹ̀ kó wò ó kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Tó bá ń bọ̀ láti Èkó, ẹ má jẹ́ kó fi òru padà lórí Expressway. Ẹ gba yàrá fún un, ẹ bèèrè lọ́wọ́ dírẹ́bà ẹ̀ náà bóyá ó ti jẹun, ẹ gba yàrá fún òun náà. Kí ẹnì kan nínú kọmítì máa dúró ti àlejò láti ìgbà tó bá ti wọ ìlú, kó sì jẹ́ ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́.

6. Owó

Ẹ ṣe bàjẹ́ẹ̀tì lójú ìwé kan: họ́ọ̀lù, oúnjẹ, jẹnẹrétọ̀ àti dísù, ẹ̀rọ gbohùngbohùn, pláàkì, ẹ̀bùn owó, ìrìnnà àlejò, owó adájọ́, ìwé títẹ̀, ká wá fi ìdá mẹ́wàá lé e fún ohun tẹ́nikẹ́ni ò rò. Ẹ̀bùn owó àwọn tó gbà á ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀ sínú báńkì. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti gbé sọ̀wédowó páálí ńlá fún ọmọ kan, kámẹ́rà tàn yẹ́ẹ́, oṣù méje lẹ́yìn náà ó ṣì ń pe alága.

Ẹ lè gba owó lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, kò burú, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé wọn ò ní rí orúkọ ẹni tó díje, wọn ò ní yan adájọ́, ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni wọ́n ní. Tẹ́ ẹ bá sì ní ẹ̀ka ìròyìn àyíká, ẹ má jẹ́ kí ilé iṣẹ́ epo ṣe onígbọ̀wọ́ ẹ̀, ẹ ní làákàyè jàre. Ẹ lè ta tábìlì fáwọn èèyàn, ṣùgbọ́n ẹni tó wà lórí ìwé pé ó lè gba àwọ́ọ̀dù ò gbọ́dọ̀ san kọ́bọ̀ láti wọlé, òun àtẹnì kan tó bá mú wá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìyá wọn ni wọ́n máa ń mú wá.

7. Họ́ọ̀lù àti oúnjẹ

Eléyìí ẹ mọ̀ ọ́n ju mi lọ, ọmọ Yorùbá kì í kọ́ ọmọ Yorùbá bí wọ́n ṣe ń ṣe òde. Ohun méjì péré. Ẹ tan jẹnẹrétọ̀ wọn fún odindi wákàtí kan ní ọjọ́ tó ṣáájú, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rọ amúlétutù, kì í ṣe kí ẹni tó ń ṣọ́ họ́ọ̀lù sọ pé "kò níṣòro, sà." Ìkejì, tẹ́ ẹ bá pe àádọ́jọ èèyàn, ẹ sọ fún alásè pé àádọ́sàn-án, torí àwọn dírẹ́bà wà, ọlọ́pàá wà, àwọn tó ń ya fọ́tò wà. Àwọn oníkámẹ́rà yìí ni wọ́n máa ń gbàgbé jù, wọ́n á dúró fún wákàtí mẹ́rin, wọ́n á ya gbogbo ẹni tó ń jẹ ẹran, nígbà tí wọ́n bá máa jókòó, ìsàlẹ̀ kúlà ló kù. Ẹ fi oúnjẹ tiwọn sọ́tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

8. Pláàkì

Ẹ ka orúkọ. Ẹ tún un kà. Ẹ ní kẹ́ni tó ni orúkọ kọ ọ́ fúnra ẹ̀, bó ṣe wà lórí ìwé ìdánimọ̀ ẹ̀. Wọ́n á sọ pé kò sí àmì ohùn lórí ẹ̀rọ àwọn, kò kàn yín, ní Ṣómólú àwọn tó lè tẹ̀ ẹ́ pọ̀, ẹ wá wọn lọ. Ọdún kan, orúkọ ọmọ kan tó ń kọ ìròyìn eré ìdárayá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ọlá, ẹni tó tẹ pláàkì wa ò fi àmì sí nǹkan kan, ó tún wá fi lẹ́tà E rọ́pò A, OLE gàdàgbà ló wà níbẹ̀ ní wúrà. MC mi, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ń rírú ẹ̀ mọ́, ó kà á bó ṣe rí. Ọmọ yẹn fẹ́ràn eré, ó gbà á, ó gbé e sókè, àmọ́ bàbá ẹ̀ tó wà ní tábìlì kẹta ò rẹ́rìn-ín rárá. Àwa la lọ bẹ̀ wọ́n nílé lọ́jọ́ kejì, pẹ̀lú pláàkì tuntun.

Ẹ gba pláàkì lọ́wọ́ oníṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kì í ṣe ní àárọ̀ ọjọ́ ètò.

9. Alẹ́ náà fúnra ẹ̀

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láago tẹ́ ẹ kọ, bó jẹ́ pé èèyàn ogún ló wà níbẹ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́ wọ́n á bú yín, lọ́dún kejì wọ́n á tètè dé. Orin orílẹ̀-èdè, ẹ gbọ́ ọ kó tó dọjọ́ náà, torí láti 2024 tí wọ́n ti dá ti àtijọ́ padà, àwọn DJ kan ṣì máa ń tẹ èyí tí wọ́n ti fi sílẹ̀, ìdajì họ́ọ̀lù á kọ ọ̀kan, ìdajì á kọ èkejì. Lẹ́yìn náà, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ìṣẹ́jú kan fáwọn ẹlẹgbẹ́ wa tó lọ láàárín ọdún, kẹ́nì kan ti pe ẹbí wọn ṣáájú kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹ máa dárúkọ.

Smọ́ọ̀lù ṣọ́ọ̀pùsì kọ́kọ́ jáde. Àlejò pàtàkì sọ̀rọ̀ láago márùn-ún kọjá díẹ̀, nígbà tí etí ṣì ń gbọ́, kì í ṣe láago mẹ́jọ lẹ́yìn tí gbogbo àwọn aṣojú ti jíṣẹ́ tí wọ́n rán wọn. Oúnjẹ gidi tẹ̀ lé e. Àwọ́ọ̀dù wá kẹ́yìn. Kẹ́ ẹ tó pe orúkọ ẹni tó gbà á, ẹ jẹ́ kẹ́nì kan tóhùn ẹ̀ dáa ka ìpínrọ̀ kan nínú iṣẹ́ náà sétígbọ̀ọ́, ti rédíò, ẹ tẹ̀ ẹ́ káwọn èèyàn gbọ́. Ìṣẹ́jú kan péré ni, ṣùgbọ́n ẹ ò lè mọ bó ṣe ń rí lára akọ̀ròyìn láti gbọ́ ọ̀rọ̀ tó kọ ní òru ọjọ́ kan pẹ̀lú fìtílà, tí wọ́n ń kà á jáde fún yàrá tó kún. Àlejò yín ni kó gbé gbogbo pláàkì fún wọn, kì í ṣe pé kẹ́ ẹ pín in fún olóyè mẹ́fà kọ́kàn wọn má baà bàjẹ́.

Ẹ sọ fún MC pé kò sí náwó-náwó. Kò yẹ kí ẹni tó ń wá ìbò máa lẹ owó mọ́ orí akọ̀ròyìn níwájú kámẹ́rà, yàtọ̀ síyẹn òfin báńkì àpapọ̀ ti 2007 sọ pé ẹni tó bá ná owó náírà lágbo lè lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ó kéré tán, tàbí kó san owó ìtanràn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé ìròyìn ẹjọ́ yẹn jáde, ẹ má fi ara yín ṣe kókó ẹ̀.

10. Ọjọ́ kejì

Ẹ sinmi. Lẹ́yìn ìyẹn, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì: ẹ san owó tó kù fún alásè, ẹ fi ìwé ìṣirò owó síwájú gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, ẹ kọ lẹ́tà ọpẹ́ fún àlejò pẹ̀lú fọ́tò tó dáa kan (èyí tó ń rẹ́rìn-ín nínú ẹ̀, kì í ṣe èyí tó ń jẹun), ẹ kó àwọn iṣẹ́ mẹ́fà yẹn jáde kí gbogbo èèyàn lè kà wọ́n. Àwọn tí ò gbà á, ẹ dá iṣẹ́ wọn padà fún wọn pẹ̀lú ohun tí adájọ́ kọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Apá yìí ló máa ń gba àkókò jù, òun náà ni wọ́n máa ń fojú fò jù. Ọmọbìnrin kan tí a dá tiẹ̀ padà fún pe mí lálẹ́, ohùn ẹ̀ le, ó ní adájọ́ kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ò pe agbẹnusọ ọlọ́pàá, òun sì pè é ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, kò gbé e ni. Mo ní kí ló dé tí kò kọ bẹ́ẹ̀ sínú ìròyìn? Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣé, sà," ó sì gé fóònù.

Kẹ́ ẹ tó wá tú kọmítì ká, ẹ mú déètì ọdún tó ń bọ̀, ẹ lọ fún oní họ́ọ̀lù ní àsansílẹ̀, kẹ́ ẹ gba rìsíìtì.